A Kì í Fò: Bí Mo Ṣe Gbé Ìjà Ilare Dé Làhọ́ọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ kí n tó jókòó: Àmẹ́ríkà kọ́ ni mo lọ. Mi ò dé Japáànù, mi ò rí yìnyín, mi ò sì ra bàtà wá fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń ya ilé mi ní Modákẹ́kẹ́ bí ẹni pé ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ti rẹ ẹnu mi, nítorí pé ohun kan náà ni mò ń tún sọ fún gbogbo yín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Làhọ́ọ̀ ni mo lọ, ní ilẹ̀ Pàkísítánì. Èmi Rafíù télọ̀, tí mò ń rán aṣọ ní Ilare, ní Ifẹ̀, ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí aṣọ. Nítorí géèmù ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán ká lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Òfin Bọ̀dá Bọ̀sún

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi ò lè gbàgbé ilé géèmù Bọ̀dá Bọ̀sún. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni ní Ilare, tẹlifíṣọ̀n méjì, bẹ́ǹṣì onípákó, àti fáànù kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Bí a bá ti jáde iléèwé, àwa ọmọ Modákẹ́kẹ́ á rìn débẹ̀, àwọn ọmọ Ilare á sì ti jókòó dè wá pẹ̀lú èébú. Géèmù ìjà là ń ṣe. Ọkùnrin méjì á dúró lójú tẹlifíṣọ̀n, ìwọ á máa darí ọ̀kan, èmi á máa darí èkejì, a ó máa fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan á fi tán. Ẹ̀jẹ̀ tí mo wí yìí, ìlà kan ni lókè tẹlifíṣọ̀n, tó ń kúrú bí wọ́n bá ṣe ń nà ọ́.

Ohun tí à ń dì mú, tó ní bọ́tìnì lára, páàdì là ń pè é. Méjì péré ló wà fún ìjà. Ìgbà kan wá dé tí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fò sókè kú lára ọ̀kan, kò sì sí páàdì mìíràn nítòsí. Ni ẹni tó bá di èyí tó dára mú bá ń fò kiri bíi tata, tí ẹni tó di èyí tó kú mú á kàn dúró bí òpó iná. Ìjà ojú tẹlifíṣọ̀n di ìjà gidi lórí bẹ́ǹṣì. Bọ̀dá Bọ̀sún bá là wá, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fò mọ́, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Ẹni tó bá fò, á gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri: A KÌ Í FÒ NÍBÍ. Nígbà tí páàdì tuntun dé, a rò pé òfin á yí padà. Kò yí. Bọ̀dá ní ẹni tó ń fò, sísá ló ń sá. Ẹni tó bá gbójú, kó dúró sórí ilẹ̀.

Bí a ṣe dàgbà nìyẹn o. A kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ìrìn, bí wọ́n ṣe ń sún díẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá lè bọ́ sínú afẹ́fẹ́, kí tìrẹ tó wọlé. Èèyàn lè dúró kojú ẹnìkejì láìna ẹ̀ṣẹ́ kankan, kí gbogbo ilé máa mí gúlegúle.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù dé. Kí n má parọ́, èmi náà gbá a. Géèmù bọ́ọ̀lù dùn, orúkọ àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò mọ géèmù rárá sì lè jókòó tì í kó máa pariwo. Kí a tó ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìjà mọ́. Kì í ṣe Ilare nìkan. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé káàkiri ayé ni wọ́n ń ti ilé géèmù ìjà, tí àwọn tó ń ṣe é jáde gan-an pa á tì. Fóònù wá gba ìyókù. Bọ̀dá Bọ̀sún da aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n ìjà, ó fi èkejì sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, ó sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí àlejò rẹ̀ pẹ́.

Ohun tí a rò pé ó ti kú, àṣé oorun ló ń sùn. Ọmọ yunifásítì kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi, Kọ́lá lorúkọ rẹ̀, ló mú ìròyìn wá. Ó ní wọ́n ti ń ṣe géèmù ìjà tuntun, pé àwọn ọ̀dọ́ ti padà sídìí rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí intánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń kún gbọ̀ngàn nílùú òkèèrè láti wò ó. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá. A ká aṣọ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, èmi àti bàbá náà sì jà bí àtijọ́, láìfò. Kọ́lá fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àṣé òfin yìí ló pa géèmù ìjà ní Ifẹ̀, pé ta ló máa fẹ́ ìjà tí kò ní fífò nígbà tí bọ́ọ̀lù wà. Ọmọdé ni, eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Bọ̀dá, inú mi ò dùn sí ohun tí mo rí.

Fídíò yẹn, tí Kọ́lá gbé sórí intánẹ́ẹ̀tì, ló rìn dé Làhọ́ọ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù ìjà níbẹ̀ wò ó títí, wọ́n kọ̀wé sí Kọ́lá pé kí bàbá náà àti télọ̀ yẹn wá bá àwọn ṣe ìdíje, àwọn á gbé wọn wá, àwọn á sì gbé wọn padà. Mo rò pé gbájúẹ̀ ni. Nígbà tó hàn pé òótọ́ ni, Bọ̀dá ní orúnkún òun ò fẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, kí n máa lọ. Mo lọ dágbére fún un. Ó ní kí n jókòó. 

“Rafíù,” ó ní, “ṣé mo ba ọwọ́ yín jẹ́ ni?”

Mo ní rárá, Bọ̀dá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ó mi orí. Ó ní rárá tèmi ò wúlò fún òun, pé ọmọ tí òun tọ́ ò lè wo òun lójú kó ní òun ṣìnà. Ó ní kí n lọ bá àwọn tí kò mọ òun rí jà, kí n jà bí òun ṣe kọ́ mi, kí n sì wá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún òun, ì báà korò. Ẹrù tí mo gbé lọ nìyẹn. Ìyókù jẹ́ aṣọ àti gààrí.

Òdòdó lọ́rùn alààyè

Ooru ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn ooru Ifẹ̀, ẹ máa dúpẹ́. Bí mo ṣe jáde láàárín èrò, ọkùnrin gíga kan tó wọ gíláàsì sáré wá, ó fi òdòdó pupa tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn. Mo dúró gbagidi. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà wo lẹ rí i tí wọ́n kó òdòdó fún ẹni tó ṣì ń mí? Ó ní bí àwọn ṣe ń yẹ́ àlejò sí nìyẹn. Kámúránì lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni níléèwé girama, òun ló ń bá Kọ́lá kọ̀wé, gẹ̀ẹ́sì sì ni èmi àti ẹ̀ fi ń gbọ́ ara wa yé. Rafi Bhai ló ń pè mí. Mo bi í pé kí ni bhai. Ó ní ó dà bí ẹ̀gbọ́n, pé wọn kì í pe ẹni tó jù wọ́n lọ lórúkọ lásán. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ilẹ̀ tí wọn ò bá ti pe àgbà lórúkọ lásán, èèyàn lè gbé ibẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kì í fi oníṣẹ́ sílẹ̀. Aṣọ wọn gùn dé orúnkún, ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ nídìí bíi kẹ̀ǹbẹ̀, ó wá há lọ́rùn ẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo ti yí etí aṣọ Kámúránì wò kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Rírán rẹ̀ mọ́, ìlà abẹ́rẹ́ ò wọ́. Ọkùnrin náà ò bínú; ó fa apá aṣọ sí mi kí n lè wo ibẹ̀ náà.

Èèyàn dúdú ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá dúró ra omi, àwọn ọ̀dọ́ á ti yí mi ká, wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́, kí àwọn bá mi ya fọ́tò. Wọn ò tì mí, wọn ò fà mí láṣọ. Wọ́n á gbé ọwọ́ sáyà, wọ́n á tọrọ gááfárà kí wọ́n tó sún mọ́ mi. Wọ́n rò pé eléré ìdárayá ni mí. Kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi pákó lu bọ́ọ̀lù kékeré, ni wọ́n ń gbá ní gbogbo àdúgbò, ẹ̀yìn àga ni wọ́n fi ń ṣe òpó tí bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ bà. Ọ̀kan bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mò ń bá ṣeré. Mo ní Ilare. Ó mi orí tìyanu-tìyanu, ó ní òun ti gbọ́ orúkọ wọn rí. Irọ́ ńlá. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀wọ̀ ni, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ọkùnrin ṣe ń di ọwọ́ ọkùnrin mú lójú títì, tí wọ́n á máa rìn lọ jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń tàkùrọ̀sọ. Nígbà tí a fẹ́ kọjá láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Kámúránì di tèmi mú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fà á gbà. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé ta ló mọ̀ mí níbí? A jọ di ọwọ́ mú dé òdìkejì, ó sì tù mí lára. Ní mọ́sálásí, nígbà tí ìrun Jímọ̀ kó wa pọ̀, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀, èjìká kan èjìká, ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá

Ilé ìyá Kámúránì ni mo dé sí. Màmá náà jáde wá kí wa, arúgbó kékeré tó fi ìbòrí funfun borí. Bí ojú mi ṣe bá tirẹ̀ báyìí, àyà mi ti kan ilẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí ìyá arúgbó wọlé, kí ọmọ Modákẹ́kẹ́ dúró ṣánṣán? Màmá figbe ta. Ó rò pé mo dákú ni, pé ooru ti mú mi. Ẹnìkan ń da omi sí mi lórí, Kámúránì ń fà mí lápá, èmi náà ò sì fẹ́ dìde, nítorí pé ẹni tí mò ń kí ò tíì ní kí n dìde.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Kámúránì wá rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní nínú ẹ̀sìn wa, Ọlọ́hun nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Mo ní àwọn áàfáà wa náà ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìyá wọn wọlé ná, àwọn náà á dọ̀bálẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà tó gùn fún mi, láti ìgbà náà ló sì ń pè mí ní ọmọ òun. Mo kọ́ ọ kó máa sọ “dìde.” Láràárọ̀ tí mo bá ti kí i, á sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn àwọn ará Làhọ́ọ̀, á sì máa fi ẹ̀rín sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa oúnjẹ, ẹ wá gbọ́. Mo ti fọ́nnu nínú ọkọ̀ pé kò sí ata tó lè dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹnu mi ń wá ẹ̀kọ àti àkàrà, Màmá gbé ẹran màlúù kalẹ̀, èyí tí wọ́n ti gbé kaná láti àná títí tó fi ń tú fúnra rẹ̀, nínú ọbẹ̀ tó ki, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Nihari ni wọ́n ń pè é. Ata tiwọn ò tètè jà. Ó kọ́kọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀, mo sì ti ń bu òkèlè ńlá. Nígbà tó máa dé, imú mi, etí mi, àti ibi tí mi ò lè dárúkọ níwájú yín ló gbọ́. Omijé ń dà, mo ṣì ń jẹ ẹ́. Mi ò jẹ ohun tó dùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá fẹ́ kó hàn pé oúnjẹ dùn, a ó jẹ ẹ́ tán. Mo jẹ tèmi tán, Màmá bù sí i. Mo tún jẹ ẹ́ tán, ó tún bù sí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwo òfìfo tí mò ń fi hàn án, ẹ̀bẹ̀ ló ń kà á sí. Wọ́n tún ní wàrà kíkan kan tí wọ́n fi ṣúgà àti omi dídì lù pọ̀, ẹni tó bá ti mu nùnú àwọn ará Sábó rí á dá a mọ̀. Èmi náà gbé gààrí mi jáde. Mo da omi tútù sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo gbé e fún Màmá. Ó tọ́ ọ wò, ó mi orí dáadáa, ó wá béèrè ìgbà tí a máa sè é.

Ilé Ustad

Géèmù ni mo bá lọ, ẹ má gbàgbé. Èmi náà ò gbàgbé. Gbogbo ibi tí mo bá jókòó sí ni ìbéèrè Bọ̀dá jókòó tì mí sí. Kámúránì mú mi lọ sí ilé géèmù kan nínú ìlú àtijọ́, ní ọ̀nà tóóró kan tí èèyàn méjì ò lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin àgbà kan tó fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀ ló ni ibẹ̀. Ustad ni gbogbo wọn ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi mí sórí àga tirẹ̀.

Kámúránì ń túmọ̀ fún wa. Ustad ní ìgbà kan wà tí èrò máa ń kún ibẹ̀ dé ìta. Lẹ́yìn náà ni kò sẹ́ni tó wá mọ́, oníkálùkù di ilé rẹ̀ mú. Àwọn oníṣòwò àdúgbò ní kó jẹ́ kí àwọn kó ìdì aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbà, ó sì ń jókòó sáàárín ìdì aṣọ lójoojúmọ́, ó ń nu ojú tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò.  Mo mọ ìjókòó yẹn. Nísinsìnyí, kò sí àyè tí èèyàn lè tẹ ẹsẹ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọ iléèwé, oníṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n.

Ohun kan wà tí ò bá mi lára mu níbẹ̀: wọn kì í búni. Bí ẹnìkan bá na ẹlòmíràn dáadáa, ẹni tí wọ́n nà gan-an á mi orí, á ní “wah,” bí ẹni tó gbọ́ kéwú aládùn. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá nà ọ́ ní Ilare, wọ́n á béèrè bóyá ẹsẹ̀ lo fi di páàdì mú. Èébú yẹn ló ń mú ojú mi là. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó láàárín wọn, tí gbogbo wọn ń yìn mí, mi ò mọ bọ́tìnì tí mò ń tẹ̀ mọ́.

Wọ́n rí i láìpẹ́ pé mi ò fò. Wọ́n ti rí i nínú fídíò, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé eré ni èmi àti Bọ̀dá ń ṣe. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Saná, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀, dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé páàdì mìíràn wá fún mi. Ó ní ó jọ pé bọ́tìnì èyí tí wọ́n fún mi ti kú. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní ẹ ṣeun, àǹtí, páàdì yìí pé. Òmíràn ló kú, nílùú mìíràn, kí wọ́n tó bí yín.

Lókè téńté

Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà, àga onírẹ́súrẹ́sú, tẹlifíṣọ̀n gàgàrà níwájú. Mo na ẹni àkọ́kọ́. Mo na èkejì. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ní ó ti gba ife rí. Mo kàn ń sún sẹ́yìn, mò ń sún síwájú, mo jẹ́ kó máa na ẹ̀ṣẹ́ lu afẹ́fẹ́ títí sùúrù rẹ̀ fi tán, mo wá nà án. Mi ò fò rárá. Nígbà tí mo tún borí ẹlòmíràn, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pariwo orúkọ Ilare. Ẹ gbọ́ mi: Ilare, ní Làhọ́ọ̀! Mo rò ó pé ká ní Bọ̀dá Bọ̀sún wà níbẹ̀, omi ì bá dà lójú rẹ̀.

Saná ló kàn, nínú ìjà tí wọ́n máa fi gba ife. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìjà méjì ló borí. Ó mú ọ̀kan, mo mú ọ̀kan. Nínú èyí tó kù, ó ń fò yí mi ká, mo dúró ti ilẹ̀ mi, mo ń lé e lọ síbi igun díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì ti kù bí òwú. Gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Ibẹ̀ ni ìkánjú ti mú mi. Mo ń rò ó pé bí mo bá parí ìjà yìí, màá gbé ife lọ sílé, Bọ̀dá ò tún ní í béèrè ohunkóhun mọ́. Kò ju kí n fò lé e lórí kí n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìpá. Ó rọrùn lójú mi. Àtàǹpàkò mi gbé mi sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti kékeré mi ò fò rí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lókè. Mo wà lófuurufú bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú. Saná kàn na apá sókè, mo sì wó lulẹ̀ gbì.

Ojú tì mí, inú bí mi, mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Saná ò yọ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu àágùn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní gẹ̀ẹ́sì tí mi ò lè gbàgbé.

“Rafi Bhai, mo ti pàdánù ìjà yẹn. Mi ò rí ibi tí màá tẹ ẹsẹ̀ sí mọ́. Ẹ̀yin lẹ fò tí ẹ fi gbà mí.”

Ustad kọjá wá láàárín àga, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: bọ́tìnì tó kú, ìjà orí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ ara ògiri, aṣọ tí wọ́n dà bo tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ ìbéèrè tí Bọ̀dá fi rán mi pẹ̀lú. Bí Kámúránì ṣe ń túmọ̀ ni Ustad ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó dáhùn, ohùn rẹ̀ ò ga.

“Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ilẹ̀ tó kọ́ ọ dára. Ìwọ lo kúrò lórí rẹ̀.”

Saná ló gba ife náà, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi dùn mí. Nígbà tí a padà sí ṣọ́ọ̀bù Ustad, ó ní kí gbogbo wọn máa jà láìfò, kí wọ́n wo bí ó ṣe rí. Ariwo ta. Ẹni tó bá gbàgbé tó fò, wọ́n á jọ hó lé e lórí, á sì dìde fún ẹlòmíràn. Wọ́n pe ìjà náà ní Ilare. “Ẹ jẹ́ ká ṣe Ilare,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń dárúkọ oúnjẹ. Nígbà tí mo máa dágbére, mo ti kọ́ wọn ní èébú méjì tàbí mẹ́ta, kí eré lè dùn.

Ilare

Mi ò kọ́kọ́ lọ sílé. Kí ìyàwó mi má bínú, ó ti gbọ́ ọ. Láti ibi tí ọkọ̀ ti já mi sílẹ̀, mo gbé ẹrù mi kọrí sí ilé géèmù Bọ̀dá Bọ̀sún. Mo rò pé màá bá a lẹ́nu ọ̀nà, lórí àga rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ló wà, lórí bẹ́ǹṣì, Kọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì sì wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ìjà, wọ́n ń fò bó ṣe wù wọ́n. Bàbá náà ń wò wọ́n, kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé páàdì sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gba ẹ̀bi náà sọ́rùn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó bi mí nípa ọ̀nà, nípa ara mi, nípa ohun tí wọ́n fún mi jẹ. Kò béèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti páàdì tí Saná gbé wá fún mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe na ẹni tó ti gba ife rí, ó sún mọ́ mi. Mo sọ bí àwọn ará Làhọ́ọ̀ ṣe ń pariwo orúkọ àdúgbò rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú, ó ní eruku ti pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Mo wá jíṣẹ́ Ustad fún un bó ṣe rán mi, pé ilẹ̀ tó kọ́ mi dára. Kọ́lá ti gbé páàdì sílẹ̀, gbogbo wọn ń gbọ́.

 Bọ̀dá wá béèrè pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni ọmọbìnrin yẹn ṣe wá nà mí. Mo wo ilẹ̀. Mo ní Bọ̀dá, ó kù díẹ̀ kí n borí, ni mo bá fò.

Ó dìde. Orúnkún tí kò fẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, ó gbàgbé pé ó wà. Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé ìbéèrè tó gbé fún mi lọ ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Ohùn tí ó jáde, láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti dé Ilare ni etí mi ò ti gbọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ mi ju ife lọ.

“Ta ló ní kó o fò?”